Lẹ́yìn Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà: Àgbéyẹ̀wò Ìtọ́jú Àwọn Tó Bọ́ Lọ́wọ́ Òwò Ẹrú Òde Òní ní Ilẹ̀ Okun

Bí ọmọ Kabba kan, nílẹ̀ Okun wa ní ìpínlẹ̀ Kogi, bá bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó kó o lọ ṣòwò ẹrú lónìí, tí ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ NAPTIP (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti òwò yìí) sì gbà á sílẹ̀, ilé ààbò ìjọba ni wọn yóò kọ́kọ́ mú un lọ, ì báà jẹ́ Àbújá, ì báà jẹ́ Benin tàbí Èkó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n là sílẹ̀ fún un níbẹ̀. Bí ọ̀ràn rẹ̀ bá le, wọ́n lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ló kàn. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń bọ́ kúrò lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, kò sì tíì dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni nílé. Èrò tèmi lórí gbogbo ọ̀ràn yìí kò gùn: à ń náwó sórí ìgbàsílẹ̀, a sì ń fi ìpadàbọ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́run àti ìyá ọmọ.

Àwọn wo gan-an là ń sọ? Tí wọ́n bá ti dárúkọ òwò yìí, Benin àti Ítálì ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn ń lọ. Wọn kò ṣìnà. Lọ́dún 2016, obìnrin Nàìjíríà bí 11,000 ló gba orí òkun dé Ítálì, àjọ IOM, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri, sì fojú bù ú pé nínú mẹ́wàá wọn, ó ṣeé ṣe kí mẹ́jọ jẹ́ ẹni tí wọ́n kó lọ fi ṣòwò aṣẹ́wó. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Okun, ohun tí a sábà ń rí kì í wọ ọkọ̀ ojú omi. Àǹtí kan ló máa wá láti Àbújá nígbà ọdún Kérésì, tí á ní òun ń wá ọmọ tí yóò máa bá òun gbé ọmọ, pé òun á rán an níléèwé. Ilé-ìwé náà kì í sábà yọjú. Lẹ́yìn àǹtí, ó kan ejẹ́ńtì orí WhatsApp tó ní iṣẹ́ ilé wà ní Oman, ní Kuwait, ní Lẹ́bánónì. Ẹsẹ̀ ọmọ kò ní tíì kan ilẹ̀ tán tí wọ́n á ti gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú oṣù Kẹrin ọdún 2020, ọkùnrin ará Lẹ́bánónì kan gbé àwòrán obìnrin Nàìjíríà kan àti pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sórí Facebook, ó ní 1,000 dọ́là lòun máa tà á. Gbogbo ayé pariwo. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni NAPTIP ti sọ pé àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tó há sí ilẹ̀ Mali lè tó 20,000. Ariwo ìyẹn kò pẹ́ nílẹ̀.

Lokoja wà ní ìdí gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Àbújá ti pàdé ọ̀nà Òkènè àti Benin, ibẹ̀ náà ni ọ̀nà Kabba ti yà lọ sí Èkìtì. Ẹni tó bá ń kó ọmọ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, tàbí láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, á ṣòro kó tó yẹ̀ ẹ́.

Ilẹ̀ Okun kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ òwò yìí. Ní ọ̀rúndún tó ṣáájú èyí tó kọjá, àwọn ọmọ ogun Tápà láti Bídà ń kó àwọn èèyàn Owé, Bùnú, Ìjùmú àti Yàgbà lẹ́rú. Ìlú tí wọn kò bá jagun kó pàápàá, èèyàn ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ bí ìṣákọ́lẹ̀. Oṣù Kìíní ọdún 1897 ni ọmọ ogun Royal Niger Company dé Kabba, kí oṣù náà sì tó parí, wọ́n ti ṣẹ́gun Bídà. Ó dára. Àmọ́ ta ló bójú tó àwọn tí okùn já lọ́rùn wọn? Ìjọba amúnisìn Lugard dá ilé kan sílẹ̀ ní Zungeru fún àwọn ẹrú tó gba òmìnira, àwọn ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tó di 1909, ìjọba gbé ẹrù náà lé àwọn míṣọ́nnárì Sudan United Mission lọ́wọ́, wọ́n sì kó àwọn ọmọ náà lọ sí Rumasha lẹ́bàá odò Bẹ́núè. Ẹ wo bí ó ṣe bá tòní mu: ìjọba gbà wọ́n sílẹ̀, ó kó wọn sí ilé, nígbà tó yá ó yọwọ́, aláàánú ló gbé e. Ní Lokoja, òpó irin méjì ṣì wà lórí ilẹ̀ ilé-ìwé Holy Trinity tí Samuel Àjàyí Crowther dá sílẹ̀ ní 1865, níbi tí wọ́n ní wọ́n ti ń dá ẹrú sílẹ̀. Wọ́n máa ń fi han àlejò. Kò sí òpó kankan fún ọdún kejì lẹ́yìn òmìnira.

Crowther fúnra rẹ̀ lè sọ fún wa bí ọdún kejì yẹn ti ṣe pàtàkì tó. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn; ọdún 1822 ni ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á, tí wọ́n gbé e lọ sí Freetown. Níbẹ̀, wọ́n kọ́ ọ ní ìwé, wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́ káfíńtà. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀pọ̀ ọdún ni. Ọdún 1846 ló tó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. N kò sọ pé Freetown kò ní àléébù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìtọ́jú gidi ń jẹ́, kó ka iye ọdún yẹn.

Ní ti òfin, a kò kẹ̀rẹ̀. Titi Abubakar, aya igbákejì Ààrẹ nígbà náà, dá àjọ WOTCLEF sílẹ̀ ní 1999 láti gbógun ti òwò yìí; Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Palermo tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe láti dènà rẹ̀; ní 2003, òfin jáde, NAPTIP sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2015, àpò owó kan sì wà nínú rẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fi ṣòwò. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹjọ́ sùn lè tẹ 627 lórí fóònù. Gbogbo èyí jẹ́ ohun ìyìn, ẹni tó bá sì mọ bí nǹkan ṣe rí kó tó di 2003 kò ní fi ṣẹ̀sín.

Inú ilé ààbò gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2019, àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Human Rights Watch gbé ìwé ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà tó bọ́ lọ́wọ́ òwò yìí. Àwọn kan nínú wọn ní wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ní ilé ààbò, pé àwọn kò lè jáde, pé ẹbí kò lè wá wo àwọn bó ṣe wù wọ́n, àwọn kò sì mọ ọjọ́ tí wọ́n máa dá àwọn sílẹ̀. Àwíjàre wà fún ìyẹn: àwọn tó kó wọn lọ lè máa ṣọ́ wọn níta. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí màdáámù, ìyẹn obìnrin tó ń fi í ṣòwò, tì mọ́lé fún ọdún méjì, tí ìjọba tún wá tì mọ́lé, kí la fẹ́ kó rò? Lókè òkun, Ítálì ti ní òfin láti 1998 tó ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìwé ìgbélùú kódà bí kò bá fẹ́ jẹ́rìí lòdì sí ẹnikẹ́ni ní kóòtù. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní ọjọ́ 45, ó kéré tán, láti sinmi kí wọ́n sì ronú. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2022 ti dín in kù sí 30. Àwọn orílẹ̀-èdè olówó pàápàá ń fawọ́ sẹ́yìn.

Ohun kan wà tí ìwé ìlànà kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ, tí gbogbo ẹni tó ń bá àwọn obìnrin wọ̀nyí ṣiṣẹ́ sì mọ̀. Ìbúra ni. Kí ọmọbìnrin tó gbéra, wọ́n á mú un lọ sí ojúbọ. Wọ́n á gé irun orí rẹ̀ àti ti abẹ́, wọ́n á gé èékánná rẹ̀, wọ́n á gba àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀, wọ́n á dì í pọ̀. Ọmọ á wá búra pé òun á san gbèsè, òun kò sì ní dárúkọ màdáámù fún ọlọ́pàá láé. Gbèsè náà lè jẹ́ 30,000 yúrò, ó sì lè jẹ́ 50,000. Ìwọ̀fà ni, àfi pé ìwọ̀fà ayé àtijọ́ mọ iye tí bàbá rẹ̀ yá.

Ayélála wà lára àwọn tí wọ́n ń fi búra ní Benin. Ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní etí òkun Oǹdó, ni Ayélála ti wá. Ìtàn tí J. Ọmọṣadé Awólàlú kọ nípa rẹ̀ ní 1968 ni pé ẹrúbìnrin ni, tí wọ́n fi rúbọ kí ìjà lè parí láàárín àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ìjọ̀, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹlòmíràn dá. Ẹrúbìnrin tí wọ́n pa láìṣẹ̀ ni wọ́n wá ń pè kó wá so àwọn ẹrúbìnrin òde òní mọ́lẹ̀! Ẹni tó bá mọ ìtàn náà dénú lè bi olójúbọ pé ẹ̀yìn ta ni ìyá náà wà.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti Benin pe àwọn olójúbọ jọ sí ààfin, ó gbé ègún lé àwọn tó ń fi ìbúra de ọmọ ọlọ́mọ, ó sì kéde pé ìbúra tí wọ́n ti ṣe sẹ́yìn kò múlẹ̀ mọ́. N kò rò pé owó ìlú òyìnbó kankan tíì ra ohun tó tó ìyẹn. Ọ̀pọ̀ obìnrin ní Yúróòpù ló gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, ọkàn wọn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ọba Benin kò kọjá ilẹ̀ Benin, kò sì pẹ́ tí ìròyìn fi ń jáde pé àwọn màdáámù ti ń kó ọmọ lọ búra ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Àwọn ọba ilẹ̀ Okun, bẹ̀rẹ̀ láti orí Ọbáro ti Kabba, lè pe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Kò béèrè ìsúná.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó bá dé yóò gba ilé ìjọsìn lọ, nítorí Krístẹ́nì ló pọ̀ jù nílẹ̀ Okun, ọwọ́ pásítọ̀ sì ni wọ́n ti ń wá ìdáǹdè kúrò nínú ìbúra. N kò ní bá ẹni tó rí ìsinmi níbẹ̀ jiyàn. Àmọ́ àṣà kan wà tó yẹ ká sọ: kí wọ́n gbé ọmọ dìde níwájú ìjọ kó wá jẹ́rìí ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un ní Líbíà, lójú ọ̀nà Yúróòpù. Lọ́jọ́ Àìkú ni wọ́n ń hó yèè. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ ọjà, ó ti di ẹni à ń fọwọ́ júwe, ọkùnrin tó sì ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀ ti gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn àlùfáà wa gbọ́dọ̀ fi èyí sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìbúra, oúnjẹ. Láti 2017 ni àjọ IOM àti Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà kúrò ní Líbíà wá sílé. Wọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹ̀kọ́ òwò fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sì ra ọjà tàbí irinṣẹ́ fún wọn. Àwọn àjọ aláàánú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun, fíríìjì kékeré. Wọ́n á ya fọ́tò. Ẹ bá mi rìn gba àárín ọjà Kabba kọjá, kẹ́ ẹ ka ṣọ́ọ̀bù àwọn télọ̀. Ẹni tó kọ́ ìránṣọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò mọ iná tó máa fi gbé ẹ̀rọ rẹ̀, tí kò ní oníbàárà kan ṣoṣo, kí ni yóò dá a dúró kó má ta ẹ̀rọ náà kó fi jẹun? Bó bá sì tà á tán, ejẹ́ńtì ọjọ́sí ṣì ní nọ́ńbà rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó dára jù tí mo mọ̀ kò jìnnà sí Kabba, kò sì ti ọ́fíìsì kankan wá. Ọmọ Ogidi-Ìjùmú ni Nike Davies-Okundaye, tí wọ́n bí ní 1951. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ fáyé gbọ́ pé ọmọdé lòun wà tí òun fi sá kúrò nílé torí ọkọ tí wọ́n fẹ́ fi òun fún. Ní 1983, ó dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láìgba kọ́bọ̀. Ní 1996, ó dá ibi ìhunṣọ sílẹ̀ ní Ogidi, tó di ibi iṣẹ́ fún obìnrin tó lé ní 200. Ní 2000, ìjọba Ítálì ló ránṣẹ́ pè é pé kó wá kọ́ àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tó wà nídìí iṣẹ́ aṣẹ́wó lọ́hùn-ún ní iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ ńlá nítorí rẹ̀ ní 2006. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: Ítálì, pẹ̀lú gbogbo owó rẹ̀, ránṣẹ́ sí obìnrin Ogidi. Àwa tó ní Ogidi ń dúró de Àbújá.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ ó rí ìdí tó fi bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mu. Wọ́n á ro láfún kó ki, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ náà sórí aṣọ funfun, ilà lórí ilà, wọ́n á sì sá a sóòrùn. Tó bá gbẹ, wọ́n á rì í bọ inú ìkòkò aró. Aṣọ á jáde ní àwọ̀ ewé. Atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á sì di àwọ̀ aró lójú ẹni. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún sá a, títí yóò fi dúdú tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá ha ẹ̀kọ kúrò ni àwòrán máa tó hàn. Kò sí ibi tí èèyàn ti lè kánjú níbẹ̀. Ẹni tó ń yà á lè jókòó láàárọ̀ ṣúlẹ̀ láìsọ̀rọ̀, láàárín àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì bi í ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ọjọ́ tó bá wù ú láti sọ ọ́, etí wà nítòsí. Ìtọ́jú ọkàn tí wọ́n ń wá dókítà fún, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ nìyẹn, àti pé aṣọ ṣì wà láti tà nírọ̀lẹ́.

N kò sọ pé kí gbogbo wọn di aláró o. Ẹlòmíràn fẹ́ ṣe òwò kaṣú, ẹlòmíràn fẹ́ padà síléèwé, ẹlòmíràn kàn fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ Ogidi ni pé ọdún ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ó ní ọjà tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tó ti Ítálì dé yàtọ̀ sí èyí tó ti oko bàbá rẹ̀ wá. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni àwọn àjọ aláàánú kì í lè ṣe, nítorí ẹni tó fowó sílẹ̀ fẹ́ ka iye èèyàn tí wọ́n ràn lọ́wọ́.

Ó tún yẹ ká bi àwọn tí a ń gbà sílẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Ní 2003, wọ́n gba àwọn ọmọdé orílẹ̀-èdè Benin tó ń fọ́ òkúta ní àyíká Abẹ́òkúta sílẹ̀, ọmọ 116 ni wọ́n kọ́kọ́ dá padà kọjá ẹnubodè. Agbègbè Zakpota ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Ìròyìn náà kárí ayé. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, onímọ̀ ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì kan, Neil Howard, lọ bá àwọn ará Zakpota sọ̀rọ̀ nílé. Ohun tó gbọ́ yàtọ̀ sí ti ìwé ìròyìn: ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ti lọ sí Abẹ́òkúta sọ pé iṣẹ́ làwọn bá lọ, iṣẹ́ tó le, àmọ́ òun làwọn fi ra alùpùpù. Inú wọn kò dùn sí àwọn tó wá dí ọ̀nà náà láìfi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Èyí kì í ṣe àwíjàre fún ẹni tó ń fi ọmọ ọdún mẹ́wàá fọ́ òkúta, ìyà sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó ń sọ ìdí tí ọmọ tí a gbà sílẹ̀ lónìí fi ń padà lọ lọ́la. Bákan náà ni lọ́dọ̀ wa: ilẹ̀ tí wọ́n tà láti fi san owó ejẹ́ńtì kò ní padà wá, àbúrò mẹ́ta ṣì wà nílé ìwé, ìyá kò sì mọ ohun tó máa sọ fún olówó èlé.

Kí ni a wá lè ṣe nílé? Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kó ní ọ́fíìsì wẹ́fíà tó dúró dáadáa. Ibẹ̀ ni kí ìwé ọmọ náà ti dé kó tó kúrò ní ilé ààbò, kí ẹni kan tó mọ orúkọ rẹ̀ máa bẹ̀ ẹ́ wò fún ọdún kan, ó kéré tán. Kí ilé ìwòsàn gbogbogbò Kabba àti ti ECWA ní Egbe ní nọ́ọ̀sì kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irú wọn láì kọ ọ́ sí iwájú fáìlì. Kí wọ́n bá olówó èlé sọ̀rọ̀. Kí wọ́n ya ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ẹjọ́: Kabba sí Lokoja lé díẹ̀ tàbí dín díẹ̀ ní 80 kìlómítà, lójú ọ̀nà tí ẹ̀rù ajínigbé ń bà wá, kò sì tọ́ kí obìnrin máa náwó ara rẹ̀ lọ jẹ́rìí kó tó di pé wọ́n fún un lóògùn. Ẹgbẹ́ Okun Development Association àti àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun, tí wọ́n ń dáwó kọ́ gbọ̀ngàn ìlú, lè san owó ìkọ́ṣẹ́ ọmọ mẹ́wàá lọ́dún láìtiraka.

Ọ̀rọ̀ owó ni àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ máa ń fi dáhùn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé tààrà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn, kì í ṣe nípasẹ̀ gómìnà. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa, Kabba/Bùnú, Ìjùmú, Mopa-Muro, Yàgbà Ìlà-Oòrùn àti Yàgbà Ìwọ̀-Oòrùn, kò sì ní láti dá ètò márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n pa owó pọ̀, kí wọ́n ní òṣìṣẹ́ obìnrin mélòó kan tí wọ́n jọ ń san owó oṣù wọn, kí ọmọ Mopa lè lọ gba ìtọ́jú ní Kabba, kí ti Kabba lọ sí Isanlu, nítorí kò sí ọmọ tó máa fẹ́ kí aládùúgbò rí òun lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yẹn.